Fáìlì Tí Abdulazeez Fi Sílẹ̀

"Mo tún ti yọ fáìlì yìí o," ni Oyinkọ́lá wí, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ eruku ọyẹ́ ti mú kí ọ́fíìsì wọn ní Hayin Dogo ṣú. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tún fi yọjú lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé: "Oyin, o ti dé? Má yọ mí."

Orí Oyinkọ́lá wú. Abdulazeez, ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú, ló kọ fáìlì yẹn, àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ẹní ìkírun rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Kò sẹ́ni tó láyà láti gbé e.

"Haba, Oyin!" ni Jamilah, ọ̀gá wọn, fi Hausa wí. "Kí ló kọ síbẹ̀?"

"Yorùbá ni, Hajiya. Ó ní kí n má yọ òun."

"A'uzu billahi! Yọ ọ́ jàre. Ohun tí a kò bá mọ ìlò rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́la."

Apá mẹ́fà ni sọ́fíwíà tí wọ́n ń ṣe fún ilé ìwòsàn kan ní Sabon Gari. Apá kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì ìtọ́ni tirẹ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìtọ́ni kan náà wà níbi mẹ́fà, nítorí kálukú ń wò ó kọ lára ẹnìkejì bí ọmọ iléèwé. Iṣẹ́ Oyinkọ́lá ni láti kó èyí tí gbogbo wọn jọ ń lò sínú fódà kan, kó sì yọ ìyókù.

Ó tú inú apá àwọn ọmọdé, ó rí ìlà kan tí Abdulazeez fi pàṣẹ pé bí fáìlì náà bá sọnù, kí kọ̀ǹpútà tún un kọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kì í ṣe iwin. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó yọ fáìlì náà, gbogbo rẹ̀ sì tò pọ̀ láìsí àṣìṣe kankan.

"Alhamdulillah," ni Jamilah wí.

Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ara Oyinkọ́lá balẹ̀. Nínú ọ́fíìsì yẹn, òun àti Abdulazeez nìkan ló gbọ́ Yorùbá. Ta ló tún kọ ọ́ sí, bí kò ṣe òun? Ó tẹ orúkọ ọmọ jòjòló kan tó wọn kílò mẹ́jọ sínú sọ́fíwíà náà, ó béèrè ìwọ̀n oògùn ibà. Ti àgbàlagbà ló jáde.

"Hajiya," ni Oyinkọ́lá wí, "fáìlì yẹn ló ń jẹ́ kí sọ́fíwíà fi bí ọmọ ṣe wúwo tó ṣírò oògùn. À bá pa ọmọ ọlọ́mọ lọ́la."

Jamilah jókòó sórí àga Abdulazeez láìmọ̀.

Oyinkọ́lá dá fáìlì náà padà, ó gbé e sínú fódà tí gbogbo apá jọ ń lò. Kò fọwọ́ kan orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì.

"Oyin, o ti dé? Má yọ mí."

"Mo ti dé, Bọ̀dá," ó dáhùn, omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò ní yọ yín."