Omi Gbígbóná Lára Ọmọrogùn

"Ṣó ti sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì sọ nǹkan kan, ọ̀gá."

Akọ̀wé gbé etí lé ara àgbá ńlá náà bí ẹni ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ọjọ́ kẹrin nìyí tí wọ́n ti pọn ọtí sínú rẹ̀. Bíà tó bá yè a máa ru, a máa hó, a máa kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló pa lọ́lọ́.

Obìnrin tó ń ṣọ́ àgbá, òun ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ó ju èje lọ, ọ̀gá. Mo ṣáà sọ fún yín. Inú ọmọrogùn yẹn ni ìwúkàrà ń gbé. Ẹ ní ká fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ tún ní ká fi ọṣẹ sí i. Kí ló kù tí yóò mú ọtí ru?"

"Ṣé kí àwọn alábẹ̀wò wá bá igi dúdú jákujàku nínú ilé-iṣẹ́ mi ni?"

"Nínú ilé-iṣẹ́ yín," ni obìnrin náà wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ilé-iṣẹ́ ta ni? Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé àti ìyàwó rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ìyàwó yìí ló wá irúgbìn ọkà pupa àtijọ́ tí gbogbo ayé ti gbàgbé kàn, ẹ̀kúnwọ́ kan péré. Ó gbìn ín, ó tún un gbìn, títí ó fi di àpò rẹpẹtẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ọkà. Ọmọrogùn tí wọ́n fi ń ro ọtí náà, ti ìyá ìyá rẹ̀ ni. Wọn kì í fọ̀ ọ́. Wọ́n á kàn gbé e kọ́ kó gbẹ ni, nítorí ìwúkàrà àtọdúnmọ́dún ti wọnú igi náà.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n, Akọ̀wé pààrọ̀ àgádágodo ẹnu géètì. Ó ní ìyàwó kì í jogún ọkọ.

Ìyá Ọkà ò jà. Òun ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wọlé, torí ọmọ náà ò gbé ìwé kúrò lọ́wọ́. Òun náà ló ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà, ó ní, "Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ má fún mi ní nǹkan kan. Ọmọrogùn ìyá mi nìkan ni mo fẹ́."

"Ìyàwó wa, ẹ máa lọ. Igi ilé-iṣẹ́ ni."

"Ó dáa. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí omi gbígbóná kàn án."

Akọ̀wé rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀, ojú obìnrin yìí ló lẹ̀ mọ́ gbogbo ìgò, pẹ̀lú ẹ̀rín àti èjí iwájú: Bíà Ìyá Ọkà, adùn ayé àtijọ́. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn àgbá ti dákẹ́, tí Akọ̀wé bá wọ yàrá ìgò, ẹgbẹ̀rún ojú kan náà ni yóò máa wò ó. Ẹ̀rù bà á, ká má purọ́. Ẹ̀yìn ló ń fi rìn jáde.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí àwọn tó fẹ́ kó bíà náà ròkè òkun dé. Akọ̀wé gbéra, ó wá yàrá tí Ìyá Ọkà háyà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lọ. Ó ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Ó máa dọ̀bálẹ̀, ó máa dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kò sí apọntí tí kì í fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí díẹ̀ pamọ́ sínú ìkòkò kí ìwúkàrà má baà kú, obìnrin yẹn ò sì ní ṣàì ní tirẹ̀.

Télọ̀ náà dá ẹ̀rọ dúró. "Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ìyá Ọkà. Ẹbí wọn ni mí."

Télọ̀ náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹbí kẹ̀? A ti sin wọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ikọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá wọn tẹ ẹnì kan láago pé kó fọkọ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n á ní, 'Ẹ pe Akọ̀wé, yóò wá.' Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Akọ̀wé rántí. Ọjọ́ tí wọ́n ń yan àwòrán ara ìgò ni. Fóònù náà ń dún lórí tábìlì, ó sì dojú rẹ̀ dé.

"Ìkòkò wọn ńkọ́?" ni Akọ̀wé béèrè.

"Èyí tó ń hó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Yéè! Ẹni tó ni ín ti kú, ìkòkò ṣì ń sọ̀rọ̀! A dà á sí gọ́tà."

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú gọ́tà náà. Omi ọṣẹ ló ń ṣàn níbẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni télọ̀ wí, "bó bá jẹ́ pé ẹbí ni yín lóòótọ́." Ó wọlé, ó mú páálí pẹlẹbẹ kan jáde. "A ò rí fọ́tò wọn kankan. Ara ìgò ọtí la ti bó èyí, ká tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Òun la gbé lé orí pósí. Ẹ mú un relé."

Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ìyá Ọkà ń rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn tó lẹ̀ ẹ́ ò lè gé ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán náà kúrò láìgé e lágbọ̀n, wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: Ó dùn jù ní tútù.