Ìlà Kẹta

Ìyàwó Bọ̀dá ló fi ìròyìn náà pè mí ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kò sunkún. Ó ní Bọ̀dá jókòó síwájú ilé láti ìdájí, nígbà tí òun máa fi gbé omi ìwẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí èjìká. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn níbi iṣẹ́ rẹ̀," ó wí, ó sì tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe: "Níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́."

Mo sọ fún Ọ̀gá wa ní ilé ìwòsàn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ènìyàn rere ni, ó sì béèrè bóyá ìròyìn oṣù ti ṣetán.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Bọ̀dá fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wa. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ ti fọ́. Afetíríran ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, nítorí bí aláìsàn bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti mọ fáìlì tí yóò fà yọ. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sí i létí nínú íapíìsì, ó sì ń yára débi pé tí àwa yòókù bá fi íapíìsì náà sétí, bí ìgbà tí òjò ń pa páànù ni. Ó máa ń fi wá rẹ́rìn-ín, á ní: "Ẹ̀yin olójú, ẹ ń wo nǹkan ni, ẹ kì í rí i."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ètò inú gbogbo kọ̀ǹpútà padà. Ọ̀fẹ́ ni ètò tuntun náà, irú èyí tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé jọ ń kọ, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Inú Bọ̀dá dùn. Ó ní ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, ti afọ́jú náà ni. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi íapíìsì sétí, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹnjinníà, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wa, ní kò sí ohùn nínú èyí. "Ọ̀fẹ́ ni, Bọ̀dá. Ohun ọ̀fẹ́ kì í pé ẹ̀yà ara." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Ọ̀gá. Èmi ni mo bá a tẹ̀ wọ́n. Ti àkọ́kọ́ kò ní èsì. Wọ́n ní àwọn yóò gbé ti èkejì yẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta, abẹ́ ife tíì Ọ̀gá ni mo ti rí i.

Bọ̀dá wá ní kí n ka gbogbo ojú ẹ̀rọ náà fún òun láti òkè délẹ̀. Ó há a sórí. Láti ọjọ́ náà, kíka iye ìgbà tó tẹ bọ́tìnnì ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí aláìsàn bá jáde, yóò tẹ bọ́tìnnì tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà dé ìlà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlà kìíní: Ó wà ní wọ́ọ̀dù. Ìlà kejì: Ó kú. Ìlà kẹta: Ó ti lọ sílé. Oṣù méje ni kò fi ṣì í tẹ̀ rí. Ọ̀gá tilẹ̀ máa ń fi í bú àwa tí ojú wa là.

Ó wá sú mi pé bí wọ́n bá gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Mo bẹ Ẹnjinníà kó fi ìlà kan kún un. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìlà kejì ló fi í sí. Ikú bá bọ́ sí ìlà kẹta. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo ń kánjú àtilọ sílé. N kò sọ fún Bọ̀dá.

Ní ọjọ́ Ajé, bíríkìlà kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún níkùn gba ìwé ìjáde. Bọ̀dá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá ọkùnrin náà pé kó wá gba òkú ọmọ rẹ̀. Kó tó di aago mẹ́rin, ìyá ti dé, aṣọ funfun wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn wa, egungun itan rẹ̀ kán. Nígbà tí wọ́n mú ọmọ náà dé láti ilé, tí ó ń pè é ní ìyá, ńṣe ni ìyá náà fi ọwọ́ bo ojú bí ẹni tó rí òkú, tó ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ Bọ̀dá ló wà lára àkọsílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ohun tí wọ́n tún fẹ́ wádìí nígbà tó jẹ́ pé afọ́jú ló tẹ̀ ẹ́. Ẹnjinníà ń wo fóònù rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo ní òṣìṣẹ́ tó máa ń fara balẹ̀ ni Bọ̀dá. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó máa lọ sinmi nílé.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú.

"Àbúrò, ṣé wọ́n fi ìlà kan kún un ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

"Ta ló ní kí wọ́n fi kún un?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó jọ̀wọ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbọ́ ohùn mi. "Ó dáa," ó wí. "Má jẹ́ kó dùn ọ́." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ pè mí.

Ní ọjọ́ kejì tí a sin ín, mo kọ̀wé sí ojú ewé ayélujára tí àwọn tó ń kọ ètò náà fi ń gba ẹjọ́. Mo ní ẹnìkan wà níbi iṣẹ́ wa tí kò ríran, pé ètò yín kò ní ohùn, pé ṣé ẹ lè bá wa fi sí i. N kò kọ ọ́ pé ó ti kú.

Kí a tó ṣíwọ́, ẹnìkan ti fèsì. Ó ní afọ́jú ni òun náà. Ó ní ohùn wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé òun wà lára àwọn tó ṣe é. Kí n kàn tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta kan pa pọ̀. Ó dárúkọ wọn. Ní ìparí ó kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí i. Ṣé ó ti ń gbọ́ ọ báyìí?"

Mo kọ orúkọ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo lọ sídìí ẹ̀rọ Bọ̀dá, mo tẹ àwọn bọ́tìnnì náà. Ohùn kan sọ̀rọ̀. Ó ń pe ọ̀rọ̀ wa bí àlejò, kò mọ ohùn òkè, kò mọ ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń yé ni. Ọ̀gá béèrè láti inú yàrá rẹ̀ pé ta ló ń pariwo. Mo lọ sídìí ẹ̀rọ kejì, mo tẹ̀ ẹ́. Mo lọ sídìí ẹ̀kẹta.

Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ló wà ní yàrá wa. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.