Ihò Tuntun Lára Bàtà Eli

Surajudeen fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pa awọ bàtà náà lára, ó sì dúró kí ó rọ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Ẹ̀yìn ti ń ro ó láti àárọ̀, ṣùgbọ́n irú bàtà báyìí kì í wọ ṣọ́ọ̀bù ṣobàtà ní Norcross, nítòsí Atlanta, lójoojúmọ́.

Bàtà ìgun-òkè ayé àtijọ́ ni, tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe láti òkè dé ilẹ̀. Odidi awọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi wé ẹsẹ̀. Ojú rírán kan péré ló wà lára awọ náà, níhà inú, kí omi yìnyín má baà rí ọ̀nà wọlé. Níbi tí awọ ti kan ilẹ̀, wọ́n ṣẹ́ ẹ síta, wọ́n sì fi òwú tí wọ́n fi ìda pa rán an mọ́ ìsàlẹ̀ ní ìlà méjì. Ẹsẹ̀ kan wúwo tó bíríkì. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣe é ti kú tipẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì kú.

Ṣìkẹ́mi ló gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Nọ́ọ̀sì ni, Loganville ló ń gbé. Eli ọkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ni bàtà náà. Ọdún kejì rèé tó ti kú. Kẹ́mi, ọmọ wọn, fẹ́ wọ̀ ọ́ gun òkè oníyìnyín kan lóṣù tó ń bọ̀.

"Ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ ló gbé," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Ẹ bá mi pààrọ̀ sóòlù ẹ̀, sà. Mo ní kó lọ ra tuntun, ó lóun ò gbọ́."

"Ta ló tún un ṣe kẹ́yìn?"

"Mi ò mọ̀. Eli ló máa ń gbé e kiri. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ rí i sójú, yẹ̀pẹ̀ ló máa ń dà sí kápẹ́ẹ̀tì mi."

Ọjọ́ Ajé nìyí. Surajudeen ti yọ sóòlù. Ó ń gé òwú, ó ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró.

Ihò ti pọ̀ jù.

Ẹni tó bá ń tún irú bàtà yìí rán gbọ́dọ̀ padà sínú ihò tí ẹni àkọ́kọ́ lu. Á fi ìlu, irin tí wọ́n fi ń lu awọ, tí ẹnu rẹ̀ kújú wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ti abẹ́rẹ́ méjì bọ ihò kan náà, ọ̀kan láti ìta, ọ̀kan láti inú. Ó máa ń gba ọjọ́ méjì. Ẹni tó tún èyí ṣe kò ní sùúrù ọjọ́ méjì. Ó lu ihò tuntun sáàárín àwọn ti tẹ́lẹ̀, yíká ẹsẹ̀ méjèèjì. Etí awọ náà wá dà bí etí sítáǹbù tó ń retí ẹni tí yóò fà á ya.

Ó gbé e súnmọ́ iná. Àpá òwú ẹni àkọ́kọ́ tẹ̀ sí apá ọ̀tún. Òwú àtúnṣe tẹ̀ sí apá òsì. Ọlọ́wọ́ òsì ló rán an.

Surajudeen wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀, tó di ìlu mú.

Ọwọ́ òun ló rán an, lọ́dún 2011. Ó ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní McDonough títí ilẹ̀ á fi mọ́, aago mẹ́wàá á sì bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Kò rántí ojú Eli. Ó rántí oorun tó ń kùn ún. Ó rántí pé òun sọ fún ara òun pé sóòlù á bo gbogbo rẹ̀.

"Alhaji, ẹ ń wo bàtà yẹn bí ẹni ń wo òkú," ni Haneef wí. Kọ́kọ́rọ́ ni Haneef ń gé ní apá kejì ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ ń lo ibẹ̀.

"Èmi ni mo bà á jẹ́."

Haneef wá wò ó. "Ta ló mọ̀?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin nìkan. Ẹ da gọ́ọ̀mù sí i, ẹ lẹ sóòlù mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù òde òní, ó lè gbé ilé dúró."

"Gọ́ọ̀mù á di sóòlù mú. Awọ ló máa já. Orí yìnyín sì lọmọ yẹn á wà."

"Kí ló tiẹ̀ ń wá lórí yìnyín? Òtútù Atlanta yìí ò tó o?"

Surajudeen kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, ẹ pe ìyá ẹ̀," ni Haneef wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹlòmíì ló bà á jẹ́. Kì í kúkú ṣe irọ́ tán. Láti 2011 wá, ọdún mélòó nìyẹn? Ẹ kì í ṣe ẹni yẹn mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ọmọ náà kò ní wọ bàtà náà, orúkọ òun Surajudeen kò sì ní bàjẹ́. Ó gbé fóònù, ó pe Ṣìkẹ́mi.

Ṣìkẹ́mi dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Bàbá, ẹ ti parí ẹ̀ ni?"

"Rárá." Ó ní kí ó fi ìka tẹ etí awọ náà. Awọ náà ya láti ihò dé ihò.

"Ha! Ta ló ṣe èyí?"

Ẹ̀rọ Haneef dákẹ́.

"Èmi ni," ni Surajudeen wí. "Lọ́dún 2011. Ó rẹ̀ mí, mo kánjú."

Ṣìkẹ́mi gbé ìka kúrò lára awọ náà. "Òkè mẹ́ta ni Eli gùn lẹ́yìn ìgbà yẹn. Mẹ́ta, Bàbá. Èmi wà nílé, mò ń gbàdúrà kí ojú ọjọ́ dáa."

"Ẹ má bínú."

"Mò ń bínú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó bàtà náà sínú báàgì, tòun ti òwú gígé. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún Kẹ́mi?"

"Ẹ mú un wá. Èmi á sọ fún un."

"Èmi ni màá sọ fún ọmọ mi." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Mélòó lẹ rán báyìí lọ́dún yẹn?"

"Mi ò mọ̀."

"Níbi iṣẹ́ tiwa, tí ẹnì kan bá ṣi oògùn fún aláìsàn kan, a kì í wo ẹni yẹn nìkan. Gbogbo àwọn tó fún lóògùn lọ́jọ́ náà la máa ń wá kàn. Ẹ wá wọn, Bàbá."

Ó lọ. Kò kí wọn pé ó dàbọ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Haneef wí. "Mo ní kẹ́ ẹ fi sí ẹlòmíì lọ́rùn."

"Tí mo bá fi sí i lọ́rùn, ta ni ì bá wá àwọn tó kù?"

Ó kúnlẹ̀, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì. Eékún rẹ̀ dún. Ìwé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà ló wà nínú rẹ̀, ọdún sí ọdún. Ó rí 2011. Bàtà ìgun-òkè mẹ́sàn-án ni. Ó fa ìlà sí ti Eli.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò sí mọ́. Ó fi àmì sí i. Èkejì dún pẹ́, ọkùnrin kan sì gbé e, ohùn rẹ̀ ti gbó.

"Èmi ni ṣobàtà tó wà ní Norcross," ni Surajudeen wí. "Bàtà ìgun-òkè yín, ṣé ẹ ṣì ń wọ̀ ọ́?"

Ọkùnrin náà ní òun ò mọ ibi tó wà, kí ó dúró, kí òun lọ wá a nínú gáráàjì. Haneef gbé àga wá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Surajudeen jókòó, ó gbé fóònù sétí, ó ń dúró.