Ìka Mẹ́wàá Lórí Ọ̀rọ̀ Mùsíẹ̀ Karimou

Ọjọ́ tí àwọn ará Savè gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fà wọlé wa, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìsọ̀ mi. Aránṣọ ni mí. Ìsọ̀ mi wà lẹ́bàá ojú irin ní Tchaourou, ibẹ̀ sì ni àwa tí a fẹ́ràn bọ́ọ̀lù máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun alásárì. Èmi ni mo rán ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ wa fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá borí wọn, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan fi iṣẹ́ ọwọ́ mi nu ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Chérifou ló kọ́kọ́ lanu.

"Ìgbà karùn-ún rèé léraléra," ó wí. "Èèyàn méjì péré ló ń fi sẹ́yìn. Méjì. Ká ní oko là ń ṣọ́, ẹran ìbá ti jẹ ẹ́ tán."

Mùsíẹ̀ Karimou ló ń bá wí, olùkọ́ ilé ìwé tí kòmáǹdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Aboudou alápatà nìkan ló máa ń gbèjà rẹ̀ láàárín wa.

"Porto-Novo ni Mùsíẹ̀ ti rí i," Aboudou wí. "Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ṣe ń tò ó nìyẹn."

"Kó padà sí Porto-Novo, kó lọ wò ó dáadáa."

"Ẹ jẹ́ ká rò ó, ẹ̀gbọ́n. Nínú àwọn méjì tó fi sẹ́yìn, Imorou wà níbẹ̀. Ta ló yára tó Imorou? Ẹni tó bá já kọjá, Imorou á lé e bá."

"Olè là ń lé bá, Aboudou. Bọ́ọ̀lù tó ti wọlé, ta ni yóò lé e bá? Ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá wọlé jù ní gbogbo Alafiarou, ìlú rẹ̀, ẹ ní kó dúró sẹ́yìn bí ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ àgbàdo sísá."

"Ẹ má dá Aboudou lóhùn," ẹnì kan wí. "Ẹran tí Mùsíẹ̀ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun kan wà nílẹ̀ láàárín èmi àti Mùsíẹ̀ Karimou tí kò tíì tán. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbọ́ tí mo ń sọ èdè wa fún ọmọ tó jókòó tì mí. Èèwọ̀ ni, Faransé nìkan ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀. Ó so egungun ẹran mọ́ mi lọ́rùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀, ó ní kí n máa gbé e kiri títí ẹlòmíràn yóò fi ṣẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé e. Mo gbé e gba àárín ọjà, mo gbé e kọjá níwájú mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mo jù ú sórí òrùlé ilé ìwé, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Bí a bá pàdé lọ́nà, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń wò.

"Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí kòmáǹdà," mo wí. "Òun ló ni bọ́ọ̀lù, òun ló ni pápá, òun ló fi Mùsíẹ̀ síbẹ̀. Òun nìkan ló lè yọ ọ́."

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ó dára. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló lè kọ Faransé, bó ti wù kó kéré mọ. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, pé àwa ará Tchaourou ń bẹ kòmáǹdà kó fi ẹlòmíràn rọ́pò Mùsíẹ̀ Karimou, nítorí èèyàn méjì péré ló ń fi sẹ́yìn, ó sì fi Imorou sí ibi tí kò yẹ ẹ́.

Chérifou ní ìwé tí kò bá ní ìka kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Bí a bá pín ilẹ̀, bí a bá parí ìjà, olúkúlùkù ló ń tẹ̀ka. Mo tọrọ tàdáwà díẹ̀ lọ́wọ́ alùfáà ilé kéwú, mo kọ orúkọ mẹ́wàá, mo fi Chérifou ṣáájú nítorí òun làgbà, oníkálùkù sì fi àtàǹpàkò tẹ iwájú orúkọ tirẹ̀. Aboudou pàápàá tẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọ̀dàlẹ̀.

"Orúkọ tìrẹ ńkọ́?" Chérifou bi mí.

"Ẹni tó ń kọ̀wé kì í fi ara rẹ̀ sí i," mo wí.

Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí Mùsíẹ̀ ṣubú láìmọ ẹni tó tì í.

Mo fi ìwé náà sínú àpótí ìwé ní bùrò, ibi iṣẹ́ kòmáǹdà, lọ́jọ́ Àlàrùbá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá Oumarou ti ìlú Tchatchou wá gba agbádá rẹ̀. Chérifou ń fi ìwé wa yangàn fún un. Bàbá ti na ọwọ́ sí agbádá náà. Ó fà á padà.

"Ẹ tẹ̀ka sí i?"

"Gbogbo wa, Bàbá."

Bàbá Oumarou jókòó. "Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá," ó wí, "àwọn ọmọ wa kọ̀wé sí kòmáǹdà pé kó gbẹ́ kànga fún àwọn. Mẹ́rìnlá ló tẹ̀ka. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó wá ènìyàn fún iṣẹ́ àfipáṣe lójú ọ̀nà. Ó wo orí tábìlì rẹ̀, ó rí orúkọ mẹ́rìnlá àti ìka mẹ́rìnlá. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, ara wọn sì le. Kí ló tún kù tó ń wá? Àwọn gáàdì rẹ̀ kó wọn lọ kí oòrùn tó yọ."

"Wọ́n ti dé?" Aboudou bèèrè.

"Mẹ́ta ti dé."

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ gún mi nínú ìka, n kò tètè mọ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí kòmáǹdà lọ wá ní ìlú Kika lọ́sẹ̀ yẹn. Ogun àwọn òyìnbó ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ti bu ogójì ọkùnrin tí wọn yóò fi ṣe sójà lé e lórí. A tún ti gbọ́ láàárọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ Kika ti sọdá sí ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí mọ́tò rẹ̀ tó wọ ìlú. Lọ́jọ́ Ajé ni yóò padà dé sí Tchaourou. Ọwọ́ òfo ni yóò gbé dé, ìwé wa ni yóò sì kọ́kọ́ bá lórí tábìlì.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde lọ, wọn kò kí mi.

Hawaou, ìyàwó Chérifou, wá bá mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò jókòó.

"Ọkọ mi kékeré," ó wí, "wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ bàbá àwọn ọmọ mi síwájú."

"Òun làgbà. Mo ní kó ṣáájú ni."

"Ipò kelòó lẹ kọ tiyín sí?"

N kò lè wo ojú rẹ̀. Ó yí padà, ó sì lọ.

Chérifou kò bínú, ìyẹn ló tún burú jù. Ó ní òun ìbá gba ọ̀nà igbó sọdá, ṣùgbọ́n bí òun bá lọ, bàbá wa ni wọ́n máa mú jókòó ní bùrò títí òun yóò fi padà. Bàbá wa kò ríran dáadáa mọ́. "N óò dúró," ó wí. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan rẹ̀.

Ọ̀nà kan ló kù. Ibà ti dá akọ̀wé bùrò dùbúlẹ̀ láti Àlàmísì, Mùsíẹ̀ Karimou ló sì ń bá a mú kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń sọ fún ara mi pé n kò lọ bẹ̀ ẹ́.

Ó wà nídìí tábìlì. Ìwé wa wà níwájú rẹ̀ ní ṣíṣí.

"Ẹ kú àárọ̀, Mùsíẹ̀," mo wí.

"Wassiou," ó wí. "Mo ti ń retí rẹ. N kò tíì ka ìlà kìíní tán tí mo ti mọ ẹni tó kọ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ." Ó fi ìka tọ àwọn orúkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "N kò rí tìrẹ."

"Kò sí níbẹ̀."

"O mọ ohun tí o fi àwọn èèyàn wọ̀nyí sí?"

"Àná ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun ún."

"Mi ò lè sun ún lásán. Akọ̀wé ti kọ nọ́ńbà sí i nínú ìwé ńlá kó tó dùbúlẹ̀: ìwé kan láti ọwọ́ àwọn ará Tchaourou, lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí kòmáǹdà bá bèèrè nọ́ńbà yẹn lọ́jọ́ Ajé, tí kò rí nǹkan kan, ọrùn ta ni?" Ó gbójú sókè. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé kò sùn. "Ìwọ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀rù ń bà? Bó bá yọ mí, kò ní fi mí jókòó síbí. Mo mọ ìwé kà, ara mi sì dá. Sójà ni wọ́n máa fi mí ṣe."

N kò ronú kan ìyẹn rí. N kò tilẹ̀ fẹ́ ronú kàn án.

Ó na abala bébà kan sí mi. "Kọ òmíràn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ kòmáǹdà fún bọ́ọ̀lù tó fún wa. Fi orúkọ rẹ nìkan sí i. A ó fi í rọ́pò èyí, n óò sun èyí lójú rẹ, kò sì sí ohun tó máa ṣe ẹnikẹ́ni."

Mo mú kálámù. Ohun tó sọ dára, mo sì mọ̀ pé ó dára. Mo kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ mi dúró. Mo rántí ọjọ́ mẹ́rin náà, mo rántí bọ́ọ̀lù mẹ́fà. Kí n tún wá jókòó níwájú ọkùnrin yìí, kí n máa kọ ohun tó bá ní kí n kọ? Mo kọ ọ́ pé èmi, Wassiou aránṣọ, ń bẹ kòmáǹdà kó fi ẹlòmíràn rọ́pò Mùsíẹ̀ Karimou, nítorí èèyàn méjì péré ló ń fi sẹ́yìn, ó sì fi Imorou sí ibi tí kò yẹ ẹ́. Mo tẹ̀ka sí i.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Orí rẹ kò sàn," ó wí. "O lè jókòó sílé rẹ ní àlàáfíà."

"Méjì kò tó lẹ́yìn, Mùsíẹ̀."

Ó ṣáná sí ìwé àkọ́kọ́ nínú àwo kan. A jọ wò ó títí gbogbo àtàǹpàkò náà fi di eérú. Lẹ́yìn náà ó ká tèmi, ó fi í sápò, ó mú kọ́kọ́rọ́. Ó lè jù ú nù lọ́nà, kí ó kọ ìdúpẹ́ fúnra rẹ̀. N kò mọ ìdí tí kò fi ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Bí ajá bá gbó, èmi á dìde. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, gáàdì méjì wá mú mi lọ sí bùrò, ẹ̀rọ mi ṣì ń yí lọ́wọ́. Eruku Kika ṣì wà lára bàtà kòmáǹdà. Ó bínú, kò sì pariwo. Mùsíẹ̀ Karimou dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti túmọ̀, nítorí ẹ̀rù ti lé gbogbo Faransé tí mo lè sọ jáde lórí mi.

Kòmáǹdà sọ̀rọ̀ pẹ́. Mùsíẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ó ní ta lo rò pé o jẹ́ tí o fi ń yan ẹni tí òun yóò fi ṣe olórí. Ó tún ní wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé àwọn ará Tchaourou ló kọ̀wé. Àwọn wo? Ta ló tún rò bí o ṣe rò?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ ẹnì kan péré, wọn yóò wá ìkejì. Mo tún mọ̀ pé orúkọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà lọ́kàn ọkùnrin tó ń túmọ̀ fún mi yìí, ó ti kà wọ́n, àwọn gan-an ló sì fẹ́ lé e kúrò.

"Èmi nìkan," mo wí.

Mùsíẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Kò fi kún un, kò yọ kúrò. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ wá sọ pé akọ̀wé ló ṣe àṣìṣe nínú ìwé ńlá, nítorí ibà.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kòmáǹdà sọ mí sí ẹ̀wọ̀n. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò mọ ibi tó ti rí ogójì ọkùnrin rẹ̀. Mo gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tó kó wọn kọjá láti inú ẹ̀wọ̀n, kò dúró ní Tchaourou.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, wọ́n fún mi ní àdá, wọ́n ní kí n máa gé koríko lẹ́yìn òpó góòlù wa ní pápá nígbà tí àwọn ará Parakou wá gbá bọ́ọ̀lù. Gáàdì dúró tì mí. Méjì péré ṣì ni Mùsíẹ̀ fi sẹ́yìn. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kìíní wọlé, èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, n kò sì gbójú sókè. Ní òdìkejì pápá, mo rí àwọn èèyàn mi lórí ìlà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n bí mo ṣe ń tẹ̀ gé koríko. Mo ka mẹ́jọ. Mo tún wọn kà láti ìparí, Aboudou jáde lẹ́yìn ẹnì kan tó sanra, ó di mẹ́sàn-án.

Chérifou ni n kò rí. Ó ti yí pápá ká, ó gbé igbá omi dání fún mi, ó ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ gáàdì.

Mo mu omi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ gba igbá padà.

"Àwọn méjì ẹ̀yìn yẹn, kí lo rí?" ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù.

Mo wo gáàdì. Ó ń wò wá.

"Koríko," mo wí.