Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ Tó Ń Yí Sẹ́yìn

Orí òrùlé ilé ìkẹ́rù kan ní Jebel Ali, ní Dubai, ni, níbi tí oòrùn ti ń yan èèyàn bí àgbàdo. Àwọn méjì ló gòkè lọ tan amúlétutù tuntun: Sùlàímọ́nù, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe ní Mushin, àti Olúṣẹ̀san, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Dubai, ọmọṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Òun ló bẹ Kurian, ẹnjiníà ará India tó ń darí wọn, pé kó gba ọ̀gá òun síṣẹ́. Kurian ní kí wọ́n dán an wò ná. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, wọ́n á ṣe visa fún un. Bí kò bá dára, khalas, ó parí nìyẹn, ilé yá. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó wọ bàálù. Ilé wo ló fẹ́ padà sí?

Sùlàímọ́nù tan ẹ̀rọ. Fáànù orí rẹ̀ ń yí, atẹ́gùn ń fẹ́ sókè.

"Ó yí síbi tó yẹ," ló wí, ó nu òógùn ojú. "Ó tán."

Kò tán o! Nísàlẹ̀ fáànù, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ké kìràkìrà bí ìkòkò tí wọ́n da òkúta sí. Olúṣẹ̀san wo géèjì tó ń wọn agbára gáàsì: abẹ́rẹ́ méjèèjì dúró gbagidi, ọ̀kan kò gòkè, èkejì kò sọ̀kalẹ̀. Wáyà iná mẹ́ta ló wọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yẹn. Bí méjì bá gba ipò ara wọn, sẹ́yìn ni yóò máa yí, kò ní fún gáàsì pọ̀, yóò kàn máa gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Iná tí fáànù ń lò yàtọ̀, ibi kan náà ló máa ń yí sí. Èèyàn lè wò ó di ọ̀la, kò ní sọ nǹkan kan fún un.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa á, ká pààrọ̀ wáyà méjì. Ó jọ pé sẹ́yìn ló ń yí."

Ojú Sùlàímọ́nù le. "Kí ló kan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nínú yíyí sẹ́yìn? Písítìnì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ó parí! Ṣé o ti gbàgbé ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́ ni? Tuntun ló ṣe ń pariwo. Ó máa rọlẹ̀."

Gbogbo èyí tó tún ṣe ní Mushin, oní-písítìnì ni. Èyí kò ní písítìnì. Irin méjì tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín ló wà níkùn rẹ̀. Ẹnu Olúṣẹ̀san ń yún un láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ọ̀gá rẹ̀ lójú kó ní kò mọ̀? Súìṣì wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Kò nawọ́.

"Olu! Okay?" Kurian pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Okay, sà!"

Háà, Olúṣẹ̀san! Ẹnu tó wúwo láti sọ òótọ́ wá fúyẹ́ láti purọ́.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sí bedspace wọn, ibùsùn tí wọ́n háyà ní Sharjah. Sùlàímọ́nù sùn lọ lójú ọ̀nà. Olúṣẹ̀san pinnu pé òun yóò tètè dé láàárọ̀, òun yóò yọ́ lọ pa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti dákẹ́, òórùn epo tó jóná gba gbogbo òrùlé, Kurian sì ti dúró tì í.

"Ta ló tan án?"

Olúṣẹ̀san la ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ti yára.

"Èmi ni, sà. Ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi, èmi ni mo kọ̀."

Bí visa ṣe bọ́ nìyẹn.

Olúṣẹ̀san ló bá a gbé ẹrù dé pápákọ̀ òfurufú. Ẹnu ọ̀nà ni Sùlàímọ́nù ti dúró.

"Ṣé ó dá ẹ lójú lọ́jọ́ náà?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Kí ló dé tí o ò fi pa ẹ̀rọ náà?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, sà. Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni."

Sùlàímọ́nù gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Mushin, ká ní mo fẹ́ fọwọ́ kan wáyà tí iná wà lára rẹ̀, ṣé wàá bọ̀wọ̀ fún mi títí iná á fi gbé mi ni?"

Olúṣẹ̀san dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì gbígbóná, àwọn èèyàn ń yà fún un. Nígbà tó dìde, ọ̀gá rẹ̀ ti wọlé lọ.