Gbogbo Ayé Bá Mi Bẹ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ sún mọ́ mi, kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Fọlárìn, ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí a ti máa ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti lọ sí Kánádà. Ẹṣin inú ọmọ ayò mi fò, ó há ọba inú tiwọn mọ́ igun, kò sì kí wọn. Ohun tó dìjà nìyẹn.

Bọ̀dá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àbúrò ló ń há mi mọ́ igun láìkí mi? Ó parí! Mi ò bá ẹ ta mọ́ láé."

Tí a ò bá ta ṣẹ́ẹ̀sì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò tún níbi tí a ti ń ríra mọ́, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn wọn.

Lórí ìkànnì tí a ti ń ta ayò náà, tí o bá kọ "sọ" ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ, ẹni tí ò ń bá ta nìkan ni yóò rí i. Tí o bá kọ "kéde", gbogbo ayé ni yóò rí i. Èmi kọ "kéde". Ta ní í dá nìkan bẹ àgbà?

"Kéde: Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi."

Ni ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ìkànnì náà bá léfòó wá sórí òrùlé wa. Ọ̀gá kan yọrí lójú fèrèsé.

"Ọ̀gbẹ́ni, ìkéde kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹbí! A máa..."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi di òbúkọ. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó jẹ ọ̀rọ̀ mi tòun tàmì ohùn. Mo lanu, ohùn ò jáde mọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti délé ayé. Ìyá arúgbó kan ní Bùràsílì ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀: "Fọlárìn ọmọ mi, forí jì í." Àwọn ará Ṣáínà dọ̀bálẹ̀ lọ rẹrẹ. Ẹṣin tó dájà sílẹ̀ náà wólẹ̀: "Ẹ má bínú, sà. Níbi tí wọ́n ti gbẹ́ mi, wọn ò kọ́ mi ní ìkíni." Ọba tí mo há mọ́ igun tún dá sí i: "Fọlárìn, èmi tọ́rọ̀ kàn ò bínú. Kí ló wá kàn ọ́?"

Bọ̀dá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, nítorí tiyín..."

Ibẹ̀ ni mo jí. Mo wà lórí àga ní pálọ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Aládùúgbò wa, Ìyá Ọláńrewájú, dúró síta, ó ń sá aṣọ.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ti gbà? Látìgbà tó o ti ń pariwo pé ká bá ẹ bẹ̀ ẹ́ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ níbí."

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

"Pè é níṣojú mi."

Mo mú fóònù. Ó dún, ó dún, wọ́n gbé e.

"Bọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹnì kan ń bẹ̀ yín níbí."