Eré Ẹlẹ́ni Méjì

Bàtà òṣèrébìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ itan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó ṣeré ìfẹ́ sún mọ́ ọn tó báyìí rí. Orí ìrọ̀rí ni òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó sí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú pátápátá. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ wà lórí àga lẹ́yìn. Àwọn tó wà nílẹ̀ ló ń gba itọ́ òṣèré sójú, àwọn ló ń rí ibi tí òógùn ti ń la àtíkè kọjá lọ́rùn wọn, tí wọ́n sì ń rí i pé ibi àtàǹpàkò bàtà obìnrin tó ń ṣeré ìfẹ́ náà ti ya.

Ilé ìkẹ́rùsí ni yàrá náà tẹ́lẹ̀, lókè ilé ìtẹ̀wé kan. Wọ́n to èrò sí apá méjì, wọ́n fi àárín sílẹ̀ fún eré, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ń wo òṣèré, ojú àwọn tó wà ní òdìkejì ló ń wò pẹ̀lú, àwọn náà sì ń wo tirẹ̀. Àwọn méjì péré ló ń ṣe eré náà. Obìnrin kan sọ kọ́kọ́rọ́ nù, kò lè wọlé ara rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń tún àgádágodo ṣe wá bá a ṣí i. Ilẹ̀kùn kọ̀, kò ṣí. Ni àwọn méjèèjì bá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó fẹ́ dìde nínú wọn.

“Iṣẹ́ yín rèé,” ó sọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí, nítorí oníṣẹ́ páìpù ni ọkùnrin náà, inú ilé onílé lòun náà ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà rò pé eré ló wọ ọkọ òun lára.

Ilé ìfọṣọ ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló ń lọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, débi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yigbì, kò mọ iná lára mọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì eré fún àwọn méjèèjì, ńṣe ló kọ́kọ́ bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí gílóòbù bá jó, ó lè máa táràrà nínú òkùnkùn títí oṣù á fi parí kó tó ra òmíràn. Ọkọ rẹ̀ ní kò wọ́n rárá: ìdajì owó ni wọ́n ń gbà lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, ẹni tó bá sì gbà láti jókòó sílẹ̀, wọ́n á tún dín in kù fún un. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ òun náà nìyẹn lóòótọ́, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ọkọ tó bá ṣàdédé rántí ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n tú àpò rẹ̀ wò. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì lọ sílé lọ múra.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló bá a yan aṣọ. Ọjọ́ ogbó ti dé bá iyè Màmá. Wọ́n lè jẹun tán kí wọ́n ní ebi ń pa àwọn, wọn kì í sì í lè dá lọ sí ilé ìtọ̀ lóru mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé ìyàwó ọmọ wọn rí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé ọwọ́ sókè sí i, Màmá ló ń wá dúró sáàárín, tí wọ́n á ní kí ọmọ àwọn kọ́kọ́ lu àwọn ná. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ilé ku àwọn mẹ́ta. Ó bẹ aránṣọ tó wà ní yàrá kejì kó bá òun jókòó ti Màmá títí òun á fi dé.

Nígbà tí eré dé ìdajì, iná tàn, gbogbo èrò sì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti na ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ra ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì dúró kó mu ún dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní òun ń kó lọ. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ fún onílé pé páìpù kan ti dógùn-ún. Ó ní obìnrin kan wà, ẹni tó ń gba èèyàn wọlé lọ́dọ̀ dókítà eyín. Òun lọ tún ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ àwọn sì wọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Òun ti ń kó ẹrù òun díẹ̀díẹ̀; àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí òun ní wọ́n wà lọ́dọ̀ aránṣọ, ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni wọ́n wà. Láti ibi eré yìí, ibẹ̀ ni òun máa gbà lọ.

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn èèyàn mú nǹkan tútù lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tọkọtìyàwó arúgbó kan di ara wọn lọ́wọ́ mú lẹ́bàá fèrèsé. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nílé àìsàn.

“Ṣé ẹ ò ríbòmíì sọ ọ́ ni?”

“Ibí ló dáa,” ọkọ rẹ̀ dáhùn. “Mo mọ̀ ẹ́. Nílé, wàá ké, gbogbo àdúgbò á gbọ́. O ò lè pariwo níbí.”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ro tẹnìkejì mọ́ tirẹ̀. Ó ní ilé oúnjẹ ni òun kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ ti ga jù. Ìgbà náà ló yé obìnrin náà pé ìdajì owó ni ọkọ òun fi ra ìkọ̀sílẹ̀ òun.

“Màmá ńkọ́?”

“Màmá á máa wà lọ́dọ̀ ẹ. Ṣebí o ti mọ́ wọn lára. Onítọ̀hún ò lè máa fọ ìtọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń rí i lára.”

Ó wá júwe ilé náà fún un, láìjẹ́ pé ó bèèrè: ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, ilé tí irin funfun wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ó ní bí nǹkan bá ṣe Màmá, kó tètè wá pe òun.

Wọ́n lu aago. Ojú ọkọ rẹ̀ fi hàn pé ó retí kó gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ lọ. Obìnrin náà padà sórí ìrọ̀rí rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó fọwọ́ họ orí, lòun náà bá tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì ló kúkú sanwó fún, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa dá owó apá kejì padà. Àyè há. Orúnkún ọkọ rẹ̀ ń kan tirẹ̀, kò sì sí ibi tó lè sún sí.

Apá kejì ló dùn jù. Ọkùnrin inú eré jẹ́wọ́ pé àgádágodo náà ti ṣí látìgbà tí òun ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Òun kàn ń díbọ́n ni, kí òun lè pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀. Òṣèrébìnrin náà rìn wá síwájú, ó kúnlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojú obìnrin tó ń lọ aṣọ náà gan-an ló tẹjú mọ́, ó sì ní kí ọkùnrin náà tún un tì padà. Gbogbo èrò mí kanlẹ̀. Ní òdìkejì, ojú wọn tò lọ rẹrẹ, wọ́n ń wo òṣèré, wọ́n sì ń wo òun náà. Ó na ojú rẹ̀ bó ṣe máa ń na aṣọ bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ áyọ́ọ̀nù, títí kò fi sí ibi tó hunjọ.

Ó wá gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń sunkún.

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ọkùnrin tí kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé nígbà tí ọmọ wọn kejì kú sílé ìwòsàn, ohun tó bèèrè ni ẹni tó máa bá òun kó ẹrù wọn délé. Obìnrin kan ní òdìkejì fi ìgúnpá gún ẹni tó jókòó tì í, ó fi ẹnu júwe ọkùnrin tó ń sunkún náà, bíi pé: ẹ wo ọkùnrin tó mọ ìfẹ́.

Nǹkan kan dákẹ́ nínú obìnrin náà nígbà yẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun ti da omi, ó ti fọ aṣọ, ó ti sá a sóòrùn, ó ti lọ̀ ọ́. Kò tún ro omi kankan mọ́. Ohun tó ń rò ni bí ilé ẹ̀gbẹ́ ọlọ́dà náà ṣe jìnnà tó.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ìta, ọkọ rẹ̀ fun imú, ó ní eré náà dáa. “Bá mi kí Màmá,” ó sọ, ó sì dá títì kọjá.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì wẹ Màmá. Ó fi ìpara pa ẹsẹ̀ wọn àti àárín ìka wọn. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ràn jù ló wọ̀ fún wọn, ó di gèlè náà, ó tú u, ó sì tún un dì nígbà tí Màmá wo dígí tí wọ́n ní ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Níbo là ń lọ?” Màmá bèèrè. Ojú wọn ń dán.

“À ń lọ kí ọmọ yín.”

Màmá ní ṣé ó rìnrìn àjò ni. Ó ní rárá, ìtòsí ni. Ó kó aṣọ wọn sínú àpò, ó kó oògùn wọn, ó ká ọ̀rá tó ń tẹ́ sábẹ́ wọn lóru, ó mú ìyarun àti ọ̀pá ìtìlẹ̀, ó sì wo yàrá náà yíká títí kò fi rí ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè tìtorí ẹ̀ padà wá. Aránṣọ bèèrè láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bóyá kò sí wàhálà. Ó ní Màmá ń lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Kò purọ́.

Nínú takisí, Màmá ń ka ohun tí wọ́n ń rí sókè bí ọmọdé: ajá, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, obìnrin tó gbé igbá sórí. Wọ́n di ọwọ́ ìyàwó ọmọ wọn mú.

Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín ló ṣílẹ̀kùn. Kì í ṣe ọ̀dọ́ bó ṣe rò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ó tiẹ̀ sanra jù ú lọ díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yọ lẹ́yìn rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹnu rẹ̀ kún fún oúnjẹ. Àwọn aládùúgbò jókòó sí ìta ilé wọn, wọ́n ń gba atẹ́gùn, wọ́n sì yíjú sí wọn.

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí wọn kú ìrọ̀lẹ́. “Mo mú Màmá wá fún yín o. Oògùn funfun ni ti àárọ̀, pupa ni ti alẹ́. Ẹ máa jí wọn lóru kí wọ́n tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì á tutù.” Ó gbé àpò náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì lọ sókè débi tí àwọn tó wà níta á fi gbọ́. Ẹnì kan níbẹ̀ ní ẹ kú oríire, ẹ kú àbójútó ìyá.

Ọkọ rẹ̀ gbé oúnjẹ mì. “Kí lò ń ṣe yìí?” ó sọ ọ́ sínú eyín.

“Rọra sọ̀rọ̀,” obìnrin náà dáhùn. “Wọ́n ń wò ẹ́.” Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ “yín” di “ẹ́” sí i rí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó sì pa ẹnu dé.

Màmá ń wo obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. “Ta nìyí?”

“Ìyàwó yín ni, Màmá.”

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ilé ni. Wọ́n ní ṣebí ìyàwó àwọn ló mú àwọn wá yìí. Wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n wo àpò tó wà nílẹ̀, wọ́n wo ọ̀pá wọn. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ obìnrin náà mú, ìdìmú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ṣì wà lára wọn.

“Ọmọ mi,” wọ́n sọ, “ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?”

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ọmọńdinrín, ó ń tú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára òun, pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń tú ẹ̀gún kúrò lára aṣọ tí a kò fẹ́ kó ya. Ó fi ọwọ́ náà sínú ọwọ́ ọmọ wọn, ó sì yíjú padà.

Màmá ń pè é. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ìyàwó àwọn, lẹ́yìn náà wọ́n pè é ní ọmọ àwọn, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ò jọ ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti rò pé ẹsẹ̀ òun á kọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọ̀. Ó ń gbé e lọ bó ṣe ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ó kọjá ọ̀dọ̀ ọlọ́dà, ó dá ẹni tó kí i lóhùn, ó yẹra fún omi tó dúró lójú títì.

Láti ọ̀sán ló ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọkọ òun ti rí agbára láti fi èèyàn sílẹ̀. Ó dé oríta kó tó yé e pé kò gba agbára kankan. Ebi sì ti ń pa á.